Ọkọ̀ Bàbá Mi Tó Ń Ké

Ohùn náà kọ́kọ́ dà bíi ti ẹ̀fọn tó kó sí èèyàn létí. Ọ̀sán ni, oòrùn mú ganrínganrín, mò ń kó èrò bọ̀ láti Èkó, a ti kọjá Ọjọ́ta, a ti ń rí àwọn òrùlé Kétu lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fi ọwọ́ kan di sítíárín mú, mo ń fi èkejì lé ẹ̀fọn. Nígbà tí mo tẹ tòróòtù tí ẹ̀fọn náà gbóhùn sókè, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò tí òun náà rẹ ohùn sílẹ̀, ni mo tó mọ̀ pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó jókòó sẹ́yìn, tó gbé agbọ̀n òfìfo lé itan, na ọrùn síwájú.

"Dẹrẹ́bà, kí ló ń sunkún nínú ọkọ̀ ẹ?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, pé afẹ́fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ewé igi kan ò mì ní gbogbo ọ̀nà náà.

Bàbá mi ló ni ọkọ̀ yẹn. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ títì ló tà á fún wọn nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú ni, ó ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin, awọ àga rẹ̀ sì ti ń sán. Bàbá mi fúnra wọn kò mọ ọkọ̀ wà rárá. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ kọ́ ọ, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Èkó, kò sì ní àyè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń kó àwọn ìyá ẹlẹ́ja láti Ajégúnlẹ̀ létí odò, tàbí àwọn tó ń ta ọsàn àti ìrèké láti Ìkòsì, lọ sí Èkó. Lọ́sàn-án, mo máa ń kó wọn padà. Títì Ìkòròdú ṣì jẹ́ tuntun lójú wa nígbà náà. Tí mo bá ti jókòó sídìí sítíárín, mo máa ń rò pé gbogbo Kétu ló ń wò mí, bẹ́ẹ̀ àwọn ewúrẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì ló ń wò mí jù.

Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn àgbà ẹbí ní ọkọ̀ náà di ti èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. "Ti ẹ̀yin méjèèjì ni," wọ́n wí, gbogbo èèyàn sì dìde. Kò sẹ́ni tó dúró sọ ohun tó yẹ ká ṣe tí àwa méjèèjì bá fẹ́ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ra kóòtù òtútù sílẹ̀, ó gbé e kọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀ ní Èkó, nínú ooru yẹn, òun lèèyàn máa ń kọ́kọ́ rí tó bá wọlé. Tí a bá ta ọkọ̀, ọ̀nà ìrìn àjò rẹ̀ là. Èmi ní tèmi, mi ò fẹ́ ju kí n máa wà á lọ. Yàtọ̀ sí pé òun ni mo fi ń jẹun, òun nìkan ni nǹkan tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ fúnra wọn.

Kò pẹ́ tí ẹ̀fọn yẹn fi di ọmọ tó ń ké fún ọmú. Tí mo bá ṣáná sí ọkọ̀ láàárọ̀, á fa ohùn kan gùn, "wíììììn," àwọn ajá àdúgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Tí mo bá sáré, á sáré ké. Tí mo bá rọra ń lọ, á máa dún sín-ín-sín-ín bí ẹni tí wọ́n nà tí wọ́n ní kó panu mọ́. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn, bọ̀lẹ́kájà ọkùnrin ará Ìkòròdú kan tí pákó ara rẹ̀ ti ń jẹrà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Bọ̀lẹ́kájà náà máa ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà ń ṣe, eruku máa ń gba ihò ilẹ̀ rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kì í ké. Ìyá tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yẹn ló la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún mi, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọmọ mi, bàbá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ọkọ̀ wọn sì ń sunkún. Èmi ò lè wọ ọkọ̀ tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ sọ́jà. Ta ni yóò ra ẹja lọ́wọ́ mi?"

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá títì ní Kétu. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èèyàn ti ń bá a jiyàn kó tó lanu. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi ní jíà ni. Ó ní epo inú jíà ti gbẹ, eyín irin ń họ eyín irin. Ó fa epo àtijọ́ dànù, ó rọ tuntun sí i, ó fi àkísà nu ọwọ́. "Máa lọ. Kò ní ké mọ́ láyé." Mi ò tíì dé ìdí igi ọsàn tó wà níwájú ilé rẹ̀ tó fi ké. Mo yí padà. Ó ní epo tuntun náà kò tíì dé ibi gbogbo ni, kí n fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Mo fún un. Mo tiẹ̀ ń bá ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí epo náà ráyè wọlé. Tí mo bá gbọ́n díẹ̀ nígbà yẹn, ǹ bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó máa ń já jíà kúrò lára ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ lójú kan kí n gbọ́ bóyá ohùn náà á dákẹ́. Kò dákẹ́ nígbà tí mo wá gbìyànjú ẹ̀, jíà kò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa epo tó ṣì dáa dànù.

Mẹkáníìkì mìíràn ní kí n fi ọṣẹ pa bẹ́líìtì fáànù, rọ́bà tó máa ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì. Mo fi ọṣẹ pa á, ọkọ̀ sì dákẹ́. Mo yọ̀ débi pé mo lọ sí Ajégúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ sọ fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja pé ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n dìde, wọ́n gbé agbọ̀n wọlé. A ò tíì débi tí ọ̀nà wọn ti bọ́ sí títì tí igbe náà fi padà, tó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá yẹn kò tiẹ̀ bá mi jà. Ó kàn ní kí n dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lórí, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Mo jókòó sínú ọkọ̀ tó ń rùn fún ẹja àti ọṣẹ, mò ń wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó ṣe mí bíi kí n bọ́ sílẹ̀ kí n ta ọkọ̀ náà nípàá.

Ni mo bá ra bẹ́líìtì tuntun. Mo ní bóyá ti àtijọ́ ló ti dẹ̀ jù, nítorí náà mo fún tuntun títí ó fi le gan-an. Mo ṣáná sí i. Ọkọ̀ náà figbe ta bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dè lókùn. Bí mo bá ti fara balẹ̀ rò ó ni, ǹ bá bi ara mi pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí bẹ́líìtì le sí i ni igbe náà le sí i. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ gbá táyà, ẹsẹ̀ mi sì wú.

Báyìí ni mo ṣe ń tiro nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé láti Èkó pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Ọkùnrin tó mú wá jẹ́ oníṣòwò aṣọ láti Ṣómólú, ó yí ọkọ̀ ká, ó fọwọ́ pa ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní kí n ṣáná sí i. Mo ṣáná. Ó tẹ́tí díẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó tún un dé, ó ní òun á ronú sí i. Ó lọ bá bọ̀lẹ́kájà padà.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró títí ọkùnrin náà fi lọ tán. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, kò pariwo.

"Ìwọ lo ṣe é."

"Bọ̀dá mi, kí ni mo ṣe?"

"Ariwo yẹn. Bàbá wà láyé, kò ké. Bàbá kú, mo ní ká tà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. O rò pé mi ò mọ̀? O ò fẹ́ kí n lọ."

Lóòótọ́ ni mi ò fẹ́ kí wọ́n ta ọkọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mi ò sùn dáadáa mọ́ nítorí ohùn yẹn, èmi tí mo ti rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn fún gbogbo mẹkáníìkì tó wà láàárín Kétu àti Ọjọ́ta, èmi lẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ariwo sínú ọkọ̀. Mo búra fún un. Ó ní kí n má búra. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ, kò jẹ oúnjẹ tí màmá wa sè dè é.

Ìbínú yẹn ló mú mi ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú bẹ́líìtì tuntun náà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, mo fẹ́ lọ jù ú sí ẹni tó tà á fún mi lójú. Bí mo ṣe ń wá bàtà mi ni màmá mi jáde pẹ̀lú ẹní àti abọ́ láfún. Iwájú ilé, ibi tí ọkọ̀ wà gan-an, ni oòrùn ti máa ń mú jù.

"Gbé nǹkan yìí kúrò lójú oòrùn mi."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sí..."

"Láfún mi ń kan. Gbé e kúrò."

Mo wọnú ọkọ̀ láìsí bẹ́líìtì, mo ṣáná sí i, kí n kàn sún un sábẹ́ igi. Mo tẹ tòróòtù. Ẹ́ńjìnnì náà ń mí jẹ́ẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí bàbá mi wà láyé. Kò sí igbe kankan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí. Mo gbàgbé pé mo fẹ́ sún ọkọ̀, mo pa á, mo bọ́ sílẹ̀, mo ń wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó bá àlejò nínú yàrá rẹ̀. Tí bẹ́líìtì kò bá sí, tí igbe kò sì sí, a jẹ́ pé ohun tí bẹ́líìtì ń yí ló ń ké. Nǹkan méjì péré ni bẹ́líìtì yẹn sì ń yí: pọ́ǹpù tó ń fa omi ká inú ẹ́ńjìnnì, tí fáànù wà lórí rẹ̀, àti dínámò tó ń fi iná sí bátìrì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo ti fi ń káàkiri, nǹkan méjì ni.

Mo dá bẹ́líìtì padà. Mo ti rí àwọn mẹkáníìkì Èkó tí wọ́n máa ń fi igi gbọ́ inú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi orí kan kan irin, wọ́n á fi èkejì kan etí. Igi tó wà nítòsí ni ọmọrogùn màmá mi. Mo sì nílò ẹni tí yóò máa tẹ tòróòtù.

"Èmi?" màmá mi wí. "Kí n jókòó síbẹ̀ yẹn? Tó bá gbé mi sáré lọ ńkọ́?"

"Kò lè sáré lọ, Màmá, mi ò kó o sí jíà. Ẹ kàn máa fẹsẹ̀ tẹ èyí."

Wọ́n so ìró mọ́ra, wọ́n wọlé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárín mú bí ẹni tó di ìwo màlúù mú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo kì ọmọrogùn mọ́ pọ́ǹpù omi, mo fi etí lé e. Ohun tí mo gbọ́ kò ju kíkùn lásán lọ. Mo gbé e lọ sára dínámò. Igbe náà gba inú igi wọ orí mi ṣòòrò, mo fò sẹ́yìn, mo forí gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé o ti rí i?" Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan.

"Mo ti rí i, Màmá! Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò!"

"O ti fi epo ọkọ̀ ba ọmọrogùn mi jẹ́," wọ́n wí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọn ò tètè bọ́ sílẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa awọ àga náà.

Mo tú dínámò sílẹ̀, mo fi ọwọ́ yí irin àárín rẹ̀. Kò yí geere, ńṣe ló ń há gbágágbágá bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Bíárìn tó gbé irin náà dúró ti dípẹtà, gíríìsì inú rẹ̀ ti lọ. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, odò kún bo ọ̀nà Ajégúnlẹ̀, mo sì wa ọkọ̀ gba inú omi náà kọjá kí èrò mi má bàa pẹ́ dé ọjà. Omi yẹn ló wọ inú dínámò, bẹ́ẹ̀ mo ti fi ìrìn náà yangàn fún gbogbo èèyàn.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni wàhálà parí. Mo wọ bọ̀lẹ́kájà ará Ìkòròdú yẹn lọ sí Èkó, èmi àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja mi àtijọ́, wọ́n sún fún mi. Mo ra bíárìn. Mi ò mú ti àtijọ́ dání, èrò mi ni pé bíárìn ni bíárìn. Ó tóbi jù. Mo tún padà lọ, eruku kan náà, àga pákó kan náà. Èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì wọlé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dá dínámò padà ni nọ́ọ̀tì kan bọ́ sínú iyanrìn iwájú ilé. Mo wá a títí ẹ̀yìn mi fi ń ro mí. Asẹ́ tí màmá mi fi ń sẹ́ ògì ni mo fi sẹ́ iyanrìn náà kí n tó rí i, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì sọ sí mi lórí asẹ́ yẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Nígbà tí mo wá ṣáná sí i, mo di sítíárín mú bí ẹni tó ń retí kí wọ́n nà án. Kò ké. Mo wà á dé Máìlì Túwẹ́ẹ̀fù, mo wà á dé Ìkòsì, mo sáré, mo rọra, mo dúró, mo tún sáré. Afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé nìkan ni mo ń gbọ́. Mo kọrin. Mo ti rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa rí: ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sínú rẹ̀, á gbọ́ pé mi ò purọ́, ojú á tì í díẹ̀, á ní, "Àbúrò mi, máa wà á lọ. Ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́, màá lọ." Mo mọ ọ̀rọ̀ náà sórí fún un.

Mo ránṣẹ́ sí i, ó sì wá. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e padà sí Èkó, ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láti Kétu dé afárá, ó gbé orí lé àga, ó di ojú. Nígbà tí a rí omi ọ̀sà, ó sọ̀rọ̀ láìla ojú.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyí nígbà tí bàbá wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi."

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

Ọkàn mi fò sókè. Mo ní kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó la ojú.

"Ọkùnrin Ṣómólú yẹn ṣì ń béèrè ẹ̀. Màá ránṣẹ́ sí i lọ́la."

Mo bẹ màmá mi pé kí wọ́n bá mi dá sí i. Láfún ni wọ́n ń kó nílẹ̀ nígbà náà, wọn ò gbójú sókè. "Ọkọ̀ ni," wọ́n wí. "Kì í ṣe bàbá yín." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníṣòwò aṣọ náà wá gbé e, wọ́n wọ yàrá lọ, wọn ò jáde títí ó fi lọ. Ọkùnrin náà ṣáná sí i, ó tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ṣe é dáadáa.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo dúró lẹ́bàá títì ní Kétu, mò ń retí bọ̀lẹ́kájà, nítorí mo ti ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fọwọ́ tọ́ mi.

"Ọkọ̀ bàbá ẹ ló kọjá yẹn o."

Mo gbójú sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí, ó ti ń lọ sápá Ìkòròdú.

"Mi ò gbọ́ ọ," mo wí.

"Ó ti pa ẹkún náà mọ́ra," ìyá náà wí, ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó di lọ́yà, ó padà dé. Kò gbàgbé mi. Òun ló dúró fún mi nígbà tí mo fẹ́ gba ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ tí mo wà fún ara mi, òun ló sì tọ́jú màmá wa dé ọjọ́ ikú wọn. A jọ rẹ́rìn-ín lórí nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n a ò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn mọ́ láéláé. Mo ti darúgbó báyìí, Kétu tí mo mọ̀ sì ti sọnù sábẹ́ ilé àti títì. Ní àwọn àárọ̀ kan, mo máa ń jókòó síta, mo máa ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá, inú á sì tún bí mi bí ẹni pé àná ni. Kì í ṣe sí ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ká ní mo jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn máa ké ni, kò sẹ́ni tí ì bá rà á. Mo sì mọ ara mi. Bí wọ́n bá tún gbé e wá síwájú ilé mi lónìí, tó ń ké bó ṣe ń ké nígbà yẹn, tí mo sì mọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ báyìí, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.